Ẹ má dá ajá padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ojú abẹ tó san!

Ọ̀rọ̀ ajá tó ń ṣọ́ oko àti adìyẹ la mú wá lónìí, a ò sì ní fi epo bọyọ̀.

Ọ̀kadà gbá ajá, tàbí kókó hù sí i níkùn, dókítà ẹran wá yọ ọlọ-inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní spleen. Ajá padà délé láàyè. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ti tún so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà oko: "Ajá ṣáà ni, á lá egbò ẹ̀ san." Irọ́ ni! Tó bá ń lá a, ó lè já okùn tí wọ́n fi rán an, kí egbò sì kẹ̀. Ẹ fi ohun ìdáàbòbò tí dókítà fún yín sí i lọ́rùn, ẹ má tìtorí àánú bọ́ ọ.

Ọjọ́ 10 sí 14 ni kó fi sinmi níbi tó gbẹ. Kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fò. Tó bá fẹ́ tọ̀, ẹ fi okùn mú un jáde, kẹ́ ẹ mú un wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń da ọ́ìlì mọ́tò sójú egbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fún un ní paracetamol tàbí ibuprofen, ẹ ṣíwọ́ pẹ̀lú. Oògùn èèyàn lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ajá jẹ́.

Ẹ máa wo èrìgì rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá funfun, tí ikùn wú, tàbí tí ajá ṣubú lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú. Ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni eégbọn. Ọlọ-inú ló ń bá ara sẹ́ kòkòrò àìsàn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Eégbọn ló ń gbé Babesia kiri nílẹ̀ wa, ajá tí kò sì ní ọlọ-inú mọ́ kò lágbára tó láti bá a jà. "Ajá oko ò lè ṣe kó má léégbọn" kì í ṣe àwíjàre. Títí ayé rẹ̀ lẹ ó máa fún un lóògùn eégbọn.

Ajá yìí ló ń jí nígbà tí gbogbo wa ń sùn. Kí ẹlòmíì bá a ṣọ́ oko fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé ìyẹn pọ̀ jù? Ẹni tó ti sanwó abẹ, kó má fi àìbìkítà pa á sílé.