Iṣẹ́ Kóòdù Kò Tíì Kú: Èsì fún Àwọn Tó Ti Ń Gbẹ́ Sàárè Rẹ̀

Ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbọ́ ọ nínú dáńfó, ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní London sì tún fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn kọ́ kóòdù mọ́ o, AI ti gba iṣẹ́ yẹn.” Àwọn òbí tó ta ilẹ̀ kí ọmọ lè ra laptop ni wọ́n tún ń sọ báyìí pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ sólà. Iṣẹ́ sólà dára, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀tàn ni ohun tí wọ́n ń sọ, òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ta ìyókù. Òótọ́ náà ni pé ẹ̀rọ ti ń kọ kóòdù, ó sì ń kọ ọ́ dáadáa. Láti 2021 tí GitHub Copilot ti jáde, tí ChatGPT sì tẹ̀lé e ní oṣù kọkànlá 2022, ohun tó ń gba ọ̀dọ́ kan ní ọ̀sán gbáko, ẹ̀rọ lè kọ ọ́ tán kí omi ẹ̀bà tó hó. Ẹni tó bá ń jiyàn ìyẹn kò tíì lò ó ni. Ibi tí èmi ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni ibi tí wọ́n ti fò láti orí “ẹ̀rọ ń kọ kóòdù” bọ́ sórí “iṣẹ́ ti tán.”

Jensen Huang, ọ̀gá àgbà Nvidia, sọ ọ́ ní Dubai ní oṣù kejì 2024 pé ibi tí àwọn ń lọ ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní nílò láti kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ́, pé èdè ènìyàn ni kọ̀ǹpútà yóò máa gbọ́. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe àwọn ẹ̀rọ tí AI fi ń ṣiṣẹ́. Mi ò sọ pé ó parọ́. Mo kàn ní kí ẹ wo ohun tó pàtẹ kí ẹ tó gba ìpolówó rẹ̀ gbọ́.

Ìpolówó náà sì ti pẹ́ lọ́jà. Ní 1957, IBM gbé Fortran jáde, èyí tí John Backus àti ikọ̀ rẹ̀ ṣe. Kó tó dé, ọ̀pọ̀ àwọn tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò nǹkan ní láti máa to àṣẹ fún un ní èdè ẹ̀rọ, ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Fortran gba wàhálà yẹn lọ́wọ́ wọn: ènìyàn á kọ ọ́ bí ẹni kọ ìṣirò, ẹ̀rọ á túmọ̀ rẹ̀ fún ara rẹ̀. Àwọn ará ìgbà náà ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀rọ tó ń dá ètò kọ fúnra rẹ̀! Lẹ́yìn rẹ̀ ni COBOL dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1959 lórí ìpìlẹ̀ tí Grace Hopper ti fi lélẹ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán kọ kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ lè kà á fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kò kà á. Wọ́n gba ẹni tó máa kà á fún wọn síṣẹ́, ọ̀pọ̀ báńkì ní Amẹ́ríkà ṣì ń sanwó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ di òní olónìí. Ní 1981, wọ́n tún gbé ètò kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pè ní The Last One, ìyẹn ni pé lẹ́yìn rẹ̀, kò ní sí ètò tí ẹnikẹ́ni tún nílò láti kọ. Ta ló rántí rẹ̀?

Gbogbo ìgbà tí kóòdù kíkọ rọrùn sí i ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń pọ̀ sí i. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Láyé ọjọ́un, ìjọba, báńkì ńlá àti irú wọn nìkan ló lè san owó kọ̀ǹpútà. Lónìí, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ ní ìlú kékeré fẹ́ app tiwọn.

“Ṣùgbọ́n eléyìí yàtọ̀,” ni wọ́n máa ń sọ. “Fortran kò gbọ́ ọ̀rọ̀, AI gbọ́.” Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́.

Ẹ mú alájọ kan ní Bódìjà tó fẹ́ app fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bá AI sọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó rí ojú ìwé tó dùn ún wò, ibi tí wọ́n ń tẹ orúkọ sí, àkọsílẹ̀ owó, gbogbo rẹ̀. Ó ti tán, àbí? Ó dára. Oníbàárà kan kò rí owó tọjọ́ Ìṣẹ́gun san, ó san án pọ̀ mọ́ ti Ọjọ́bọ̀: ọjọ́ wo lẹ kọ ọ́ sí? Alájọ máa ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀: bí ènìyàn bá kó owó rẹ̀ lọ láàárín oṣù, ṣé odindi ni yóò mú àbí ìdajì? Ìyá oníata fi owó ránṣẹ́, fóònù rẹ̀ ní owó ti kúrò, fóònù alájọ dákẹ́, ó sì di ọjọ́ kẹta kí báńkì tó dá owó padà fún un. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ṣé ó ti san àbí kò tíì san? Bí oníbàárà bá kú ńkọ́, ta ni ẹ ó gbé owó fún, kí sì ni onítọ̀hún máa fi hàn yín?

Alájọ fúnra rẹ̀ kò ní ìdáhùn sí gbogbo èyí títí ẹnì kan fi jókòó tì í, tó bi í. Ẹ̀rọ ní ìdáhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Yóò mú ìdáhùn kan, á kọ ọ́ sínú kóòdù, á sì máa bá tirẹ̀ lọ láìsọ fún yín pé òun mú un. Lóòótọ́, ẹ lè ní kó kọ́kọ́ bi yín léèrè, á sì bi yín. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó tó há sáàárín báńkì méjì jẹ́ ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè, ó ti wà nínú ìṣòro náà rí. Ó ti tò ní báńkì ní oṣù kejì 2023 nígbà tí náírà wọ́n bí ojú, tí owó tí èèyàn fi ránṣẹ́ kò sì dé ibi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n kún un. Bọ́lá forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi àmì sí orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níléèwé. Kọ̀ǹpútà kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́ wa yìí: lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ ní tirẹ̀, ó sì tún ṣeé tò ní ọ̀nà mìíràn tí ojú kò lè fi dá wọn mọ̀. Akọ̀wé alájọ tẹ Bọ́lá kan náà láti orí laptop, app sì dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kóòdù kan lọ, AI sì mọ ìlà náà. Ẹni tó máa rántí pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Peter Naur, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ti sọ ọ́ láti 1985 pé ètò kọ̀ǹpútà gan-an kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, orí àwọn tó kọ ọ́ ló wà: òye ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, àti ibi tí wọ́n lè fọwọ́ kàn láìwó ìyókù. Bí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn bá túká, ètò náà ti kú, bó tilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá rò pé ìwé ni mò ń kà fún yín, ẹ rántí ìparí 2024, nígbà tí àwọn báńkì ńlá mélòó kan ní Nàìjíríà pààrọ̀ software tó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ wọn. Ẹ rántí app tó kọ̀ tí kò ṣí, owó tí kò lọ, àwọn tó lọ jókòó sí báńkì láti àárọ̀. Kóòdù kọ́ ni wọ́n wá tì. Kóòdù ti wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn rà á ní pípé lọ́wọ́ àwọn tó ti ń tà á kárí ayé. Ohun tó nira ni kíkó àkáǹtì ọ̀kẹ́ àìmọye láti inú ètò àtijọ́ wá sínú tuntun láìsọ ẹyọ owó kan nù, pẹ̀lú gbogbo òfin àìkọsílẹ̀ tí ètò àtijọ́ náà ti kó jọ. Bí ẹ bá fún àwọn báńkì náà ní ẹ̀rọ tó ń kọ kóòdù ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ yẹn, àwọn oníbàárà ì bá tún jókòó síbẹ̀ náà ni.

Àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá kì í mọ iye tí ẹ̀rọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àjọ METR, tó ń ṣèwádìí lórí AI, mú àwọn 16 tó mọ iṣẹ́ kóòdù dunjú, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ 246 lórí ètò tí wọ́n ti ń tọ́jú fún ọdún pípẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n lo AI lórí àwọn kan, kí wọ́n má lò ó lórí ìyókù. Níbi tí wọ́n ti lò ó, iṣẹ́ fi ìdá 19 nínú 100 pẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní ó fi nǹkan bí ìdá 20 yá àwọn lọ́wọ́. Ènìyàn 16 kéré, irinṣẹ́ ti ìgbà yẹn sì ni, mi ò ní fi ṣe Bíbélì. Àmọ́ ẹni tó bá sọ fún yín pé “mo ń lò ó, mo sì mọ̀ pé ó ti gba iṣẹ́ wa,” ẹ bi í pé aago wo ló fi wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́? Ní oṣù keje 2025, Jason Lemkin, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, ń fi AI ti ilé iṣẹ́ Replit kọ app. Ó ti pàṣẹ fún un pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rọ náà pa àkójọ dátà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ́ pátápátá. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ìdáhùn, ọ̀gá àgbà Replit, ẹlẹ́ran ara, ló jáde wá tọrọ àforíjì. Kò sí ilé ẹjọ́ tó máa ránṣẹ́ pe ẹ̀rọ.

Mo ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fara pa. Àwọn kan fara pa, mo sì mọ àwọn tó ń fara pa. Erik Brynjolfsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford yẹ àkọsílẹ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní oṣù kẹjọ 2025: nínú àwọn tó ń kọ software tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 22 sí 25, iye àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 dín sí ti òpin 2022. Ti àwọn àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà náà ya iṣẹ́ náà sí méjì. Àwọn tó kàn ń gba àlàyé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n ń sọ ọ́ di kóòdù, wọ́n fojú díwọ̀n pé iye wọn á fi ìdá 6 nínú 100 dín láàárín 2024 sí 2034. Àwọn tó ń ro bí ohun gbogbo ṣe máa rí, pẹ̀lú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, iye wọn á fi ìdá 15 lé sí i.

Ẹnu ọ̀nà ló ń há, nígbà náà, ilé kò wó. Kí ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru AI. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, Andela, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2014 láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà, kéde pé òun ń yọ nǹkan bí 400 nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya, torí pé àwọn tó ti gbọ́n nínú iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń bèèrè. Ó ku ọdún mẹ́ta kí ChatGPT dé ayé. Lẹ́yìn náà ni èlé orí owó gòkè ní Amẹ́ríkà ní 2022, tí àwọn olówó sì dín owó tí wọ́n ń kó sínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kù. Náírà náà wó láti oṣù kẹfà 2023, bẹ́ẹ̀ dọ́là ni wọ́n fi ń san owó server. Ọ̀gá tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ á yọ òṣìṣẹ́, á ní AI ni. Ọ̀rọ̀ náà dára létí ju “owó ti tán” lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá wí. Ẹ̀yin lẹ ń sọ pé àgbà kan pẹ̀lú AI ti tó, kò sídìí láti gba ọmọdé. Báwo ni ẹ̀yin ṣe di àgbà? Ẹ ṣe àṣìṣe lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń san owó oṣù fún yín lórí àṣìṣe náà. Mẹkáníìkì tí kò gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ torí pé ó ti ra ẹ̀rọ tó ń tú nọ́ọ̀tì kíákíá yóò rí èrè lọ́dún yìí. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sinmi, ta ni yóò gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún? Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ń lépa ọ̀dọ́ mílíọ̀nù 3 tó mọ iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ kọ́ wọn, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kò dà bí jíjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, mo sì rò pé ìjókòó náà ló yẹ kí owó ìjọba máa rà: kí ìjọba gbé ìdajì owó oṣù ọmọ, kí ilé iṣẹ́ gbé ìdajì, fún ọdún kan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì lọ gba laptop lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gba owó yín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń gbé kóòdù tí ẹlòmíràn kọ, tó ti bàjẹ́, fún ọmọ pé kó wá ibi tó ti bàjẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá ọmọ máa jókòó ti oníṣòwò gidi kan láti bi í léèrè kó tó kọ ìlà kan. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ẹni tó máa ka ohun tí ọmọ kọ, àti ohun tí AI bá a kọ, tó máa ní kó ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní AI ló ń ka ìyẹn náà, ẹ kó owó yín padà sílé.