Ẹ̀kọ́ Nípa Ìgbòkègbodò Ara Kì í Ṣe Eré Lásán

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ bá mú ìwé ìgbaniwọlé délé pé ẹ̀kọ́ nípa ìgbòkègbodò ara ènìyàn, èyí tí àwọn yunifásítì ń pè ní Human Kinetics, ni wọ́n fún òun, inú òbí kì í dùn. Wọn a ní: ṣé nítorí bọ́ọ̀lù gbígbá ni àwọn ṣe ń sanwó ilé-ìwé?

Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹ̀kọ́ náà ń wádìí bí iṣan àti oríkèé ṣe ń gbé ẹrù, bí ọkàn ṣe ń ṣe nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, àti ohun tí ó ń ba ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Ìbàdàn. Wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tí kò jìnnà sí ìlú Kaduna.

Ní Kaduna yìí ni Makera wà, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí alágbẹ̀dẹ ní èdè Haúsá. Láti 1957 tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textile ti bẹ̀rẹ̀, agbára ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun ní Makera àti Kakuri. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ni Rashidi Yekini, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Kaduna, ti gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn. Òun ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà ní 1993, òun ni ó sì jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé ní 1994.

Ní 2007, UNTL ti ilẹ̀kùn. Lóòótọ́ ó tún ṣí ní 2010, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti fọ́n ká. Ara tí ó ti dúró ti ẹ̀rọ fún ogún ọdún, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Kì í ṣe gbogbo làálàá ni ìdárayá. Ó yẹ kí alábàárù rí ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù láìba ẹ̀yìn jẹ́. Ó sì yẹ kí ọmọdé tí ó mọ eré sá rí olùkọ́ tí ó mọ ara rẹ̀ tọ́.

Ẹ̀rù àwọn òbí kò ṣàì nídìí: iṣẹ́ ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n fi àwọn tí ó ti kàwé yìí sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn kéékèèké ní irú àdúgbò bí Makera. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ọjọ́ tí àwọn àkọ́kọ́ bá rí iṣẹ́ gidi ṣe, kò sí òbí tí yóò tún fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ́ náà.