Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹni tí ó bá ti dé ọjà Mboppi ní ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, yóò jẹ́ wa lẹ́rìí pé ọjà ńlá ni. Láti ibẹ̀ ni àwọn alájàpá ti ń kó ẹrù lọ sí ilẹ̀ Ṣáàdì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí kò ní òkun. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò sì kéré nínú àwọn tí ń tà tí ń rà níbẹ̀. Aṣọ wà, bàtà wà, ẹ̀rọ oníná náà wà. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Computer Village ní Ìkẹjà, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́ tí ó di ìwọ̀nba owó mọ́wọ́, owó tí ó ti fi oṣù púpọ̀ tọ́jú. Kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣeré géèmù nílé ti di ògbólógbòó. Ó ń wá ohun tí yóò fi sọ ọ́ di ọ̀tun.

Ìmọ̀ràn wo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rí gbà lọ́wọ́ àwa àgbà? Àwọn kan á ní kí ó gbé e dà sí ààtàn, kí ó lọ ra tuntun, bí ẹni pé baba rẹ̀ ni ó ni ilé ìfowópamọ́. Àwọn mìíràn, pàápàá jùlọ àwọn òbí àti àwọn olùkọ́, á ní kí ó jáwọ́ nínú eré ọmọdé. Lójú tiwa, ìmọ̀ràn méjèèjì ni kò dára. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí oníṣègùn tó já ewé, yóò kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ó ń dun aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Kì í darúgbó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà kan ni ó sábà máa ń fa ìyókù sẹ́yìn. Ohun àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ná ni ní nǹkan púpọ̀: kí a ṣí i, kí a gbọn eruku ọyẹ́ inú rẹ̀ dànù. Ẹ̀rọ tí ó bá gbóná jù a máa dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá ń pẹ́ kí ó tó jí, hard disk àtijọ́ tí ń yí bí ọlọ ni kí a fura sí, kí a sì fi SSD rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá ń rá pálá nígbà tí a bá ṣí ohun púpọ̀ pọ̀, ìrántí rẹ̀ tí a ń pè ní RAM ni kò tó. Gígábáìtì 8 ti kéré jù fún ọ̀pọ̀ géèmù òde òní. Bí àwòrán bá sì ń já lójú, káàdì àwòrán rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ra káàdì ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àpótí tí ń pín iná bóyá ó lè gbé e, nítorí owó tí a fi ra ẹrù tí ẹ̀rọ kò lè gbé, inú omi ni a dà á sí.

Àwa kò sọ pé ọjà àlòkù kò ní ewu. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí Ethereum yí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, ọ̀pọ̀ káàdì àwòrán tí a ti fi wa owó orí ẹ̀rọ tọ̀sán tòru ni a tú sí ọjà àlòkù káàkiri ayé. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ tún wà tí ń fi orúkọ tuntun bo káàdì àtijọ́ lójú, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè pè é ní ohun tí kì í ṣe. Nítorí náà, a ń rọ àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò, ní Mboppi àti ní Ìkẹjà, kí wọ́n tẹ́ tábìlì kan tí ó ní iná, níbi tí olùrà yóò ti dán ọjà wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣòwò olóòótọ́ kò ní pàdánù ohunkóhun níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ju ti géèmù lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú ọdún 2018. Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le ni àwọn òyìnbó yóò máa jù nù. Níbo ni wọn yóò gbé e lọ, bí kò ṣe èbúté wa? Lóòótọ́, láti oṣù Kìíní ọdún 2025, àdéhùn Basel ti pa á láṣẹ pé orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ kó ìdọ̀tí ẹ̀rọ oníná ránṣẹ́ sí òmíràn láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè yà òkú ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára alààyè fún ẹni tí kò mọ inú ẹ̀rọ. Láti ìparí ọdún 2025 pẹ̀lú ni owó RAM ti ń fò sókè, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń kọ́ ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ń rà á lárà-ìsinmi. Ẹni tí ó mọ àtúnṣe nìkan ni irú ọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀ kò ní bá lójijì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ọmọ tí ń tú kọ̀ǹpútà. Ní Yaoundé, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù kan náà, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ṣe géèmù tí ó gbé àṣà ilẹ̀ adúláwọ̀ yọ, tí ó ń jẹ́ Aurion, wọ́n sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹrin ọdún 2016. Ọmọ adúláwọ̀ ni ó ṣe é. A ń bẹ̀ yín, bí kọ̀ǹpútà kan bá kú ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ má ṣe tì í mọ́ yàrá. Ẹ tú u níwájú àwọn ọmọ, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ pé rírà àti jíjù nù nìkan ni ó mọ̀, oníbàárà ni yóò máa jẹ́ títí láé, ìbáà ti gba òmìnira láti ọdún 1960. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.