Ẹfun Kò Lè Kọ́ Ọmọ Ní Iṣẹ́ Ọwọ́

Ẹ̀sùn kan ni mo fẹ́ fi kan àwọn tí ń ṣe àkóso ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹkùn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àti àwọn òbí tí ń wò wọ́n láìfọhùn. Ẹ̀sùn náà nìyí: orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni wọ́n kọ́. Ọmọ ọdún 18 ń jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé ó yege nínú iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn rí. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ti ń di irinṣẹ́ mú. Ọdún mẹ́ta rẹ̀ ti ṣòfò, ẹni tí ó fi í ṣòfò kò sì ní san án padà.

Òfin kọ́ ni ó kù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni ìlànà-ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní àwọn kíláàsì àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama ní gbogbo Nàìjíríà. Iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò 34 ni a kọ sínú rẹ̀, a sì pàṣẹ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, ó kéré tán. Ní ọdún 2014 ni WAEC kọ́kọ́ dán àwọn ọmọ wò nínú wọn. Iṣẹ́ bíríkìlà wà níbẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni jíjó irin, títún ọkọ̀ ṣe, aṣọ rírẹ àti ìwé títẹ̀. Iṣẹ́ ẹja pàápàá wà níbẹ̀. Mo sì bèèrè: ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹja rẹ̀ ń bọ́ Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ni ó gbẹ́ adágún kan ṣoṣo nítorí ẹ̀kọ́ náà?

Kí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mú nínú 34 wọ̀nyí? Èyí tí ẹfun àti pátákó tó fún ni wọ́n mú. Wọ́n mú ọjà títà, nítorí pé a lè fi ẹnu sọ ọ́. Wọ́n mú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń kọ́ ọ láìsí kọ̀ǹpútà. Ọmọ yóò ya àwòrán ẹ̀rọ náà sínú ìwé rẹ̀, yóò kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, olùkọ́ yóò sì fi yẹnki pupa fún un ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ta ni ó lè kọ́ wíwẹ̀ nínú ìwé? Ọmọ etí ọ̀sà ni wá, a kò gbọdọ̀ bi ara wa ní irú ìbéèrè yìí.

Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ìlànà 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, a ra ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ tí a pè ní Introductory Technology. Ní ibi púpọ̀, inú àpótí tí a fi kó wọn wá ni wọ́n dípẹtà sí, nítorí pé kò sí ilé tí a lè gbé wọn kalẹ̀ sí, kò sí iná mànàmáná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún yí ìlànà padà. Iṣẹ́ 34 di mẹ́fà péré: sólà, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Mo yin gígé tí wọ́n gé e kù, nítorí pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo, áńbọ̀sì ẹni tí ó lé 34. Ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ láàárín sólà tí a kọ sí ojú pátákó àti kọ̀ǹpútà tí a yà sínú ìwé. Ọmọ tí kò tí ì so wáyà mọ́ bátìrì rí, tí kò tí ì gun òrùlé, tí kò tí ì rí ohun tí òjìji igi kan ṣoṣo lè ṣe sí agbára pánẹ́ẹ̀lì, kò tí ì kọ́ sólà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n yóò ní ọgbọ́n òyìnbó amúnisìn ni láti fi iṣẹ́ ọwọ́ dí wa lọ́nà ipò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ọdún 1920 sí 1921, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìròyìn wọn tí ó jáde ní 1922 sì gbà wá nímọ̀ràn ẹ̀kọ́ oko àti ẹ̀kọ́ ọwọ́. Àwọn bàbá wa wo ẹni tí ń gbani nímọ̀ràn, wọ́n rí i pé ọmọ tirẹ̀ ń kọ́ Látìnì, wọ́n sì fura. Ìfura wọn tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá kan náà kò kẹ́gàn iṣẹ́. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni Richard Beale Blaize kọ́ kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn olówó Èkó, kí ó sì tó dá ìwé ìròyìn Lagos Times sílẹ̀ ní 1880. Nígbà tí ó kú ní 1904, owó rẹ̀ ni a fi dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1908. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, òyìnbó kọ́ ni ó pàṣẹ fún un. Lónìí, kò sí amúnisìn nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. Àwa fúnra wa ni a ń sọ fún ọmọ pé bí kò bá mọ̀wé, a ó mú un lọ kọ́ mẹkáníìkì, bí ẹni pé ìjìyà ni iṣẹ́ náà.

Ẹ wo ibi tí a ń gbé. Ní Egbin, nínú ẹkùn Ìkòròdú kan náà, ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná wà, ẹ̀rọ mẹ́fà, 1,320 mẹ́gáwáàtì, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárín àwọn ọdún 1980. Ní Odogunyan, ilé iṣẹ́ ńláńlá tò lọ rẹrẹ. Ní apá Ẹ̀pẹ́, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, ni a ti ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, èyí tí a kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Nígbà tí a ń kọ́ ọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ wá láti Íńdíà àti Ṣáínà, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ariwo sọ nígbà náà pé àlejò gba iṣẹ́ onílé. Ẹ̀tọ́ wa ni láti pariwo. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ariwo, kí a ka iye ajórin tí ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ti kọ́ jáde.

Òótọ́ ni pé a ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ní Ìkòròdú àti ní Odomola lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, tí àwọn ọmọ wọn ń ṣe ìdánwò NABTEB. Ibẹ̀ ni irinṣẹ́ wà. Kí ni ó dé tí ọmọ girama tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀ kò fi lè lọ lo ẹ̀rọ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀? Ìjọba kan náà ni ó ni méjèèjì.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn ọ̀gá. Ní Èbúté Ìkòròdú, ẹ óò rí àgbà tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí yóò fi ojú lásán mọ ibi tí omi yóò gbà wọlé, tí yóò sì dí i kí ọkọ̀ tó kan omi. Ẹ óò rí ẹni tí yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ láti òkèèrè, tí yóò sọ ohun tí ń ṣe é. Àwọn wọ̀nyí kò lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, nítorí pé wọn kò ní ìwé. Akọ̀wé tí kò lè kan ìṣó ni a gbà láti kọ́ni ní iṣẹ́ káfíńtà. Àwáwí ìwé yìí pàápàá ti tán: ètò kan wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ NBTE tí a fi ń dán oníṣẹ́ wò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, tí a sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí lórí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Ní Jámánì, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì ń lo ìyókù ọ̀sẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Òfin 1969 ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òpè.

Èmi kò sọ pé kí a dà wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀gá láìsí àdéhùn. A mọ ọ̀gá tí ń fi ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ pọnmi, tí ń fi wọ́n fọ aṣọ ìyàwó, tí yóò fi ọdún kan pa ẹ̀kọ́ mọ́. Kí olùkọ́ bá ọmọ lọ, kí a kọ ohun tí a óò kọ́ ọ sílẹ̀, kí ọ̀gá sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan má sì fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àfi bí ọmọ náà bá gbé ohun kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá: àga, ẹ̀wù, bátìrì tí ó ń tan iná.

Ẹ̀yin òbí, ìpàdé yín pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ka ìròyìn owó tán, ẹ dìde, kí ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí ibi tí irinṣẹ́ wà. Bí iwájú pátákó ni wọ́n bá mú yín lọ, ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí ìwé kankan ní ọjọ́ náà.