Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nì, ‘Take Off’

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan wà tí ó yẹ kí a fiyè sí, èyíinì ni ‘take off’. ‘Take’ ni mímú, ‘off’ ni kíkúrò. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá ti so pọ̀, ìtumọ̀ wọn a di púpọ̀. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ‘take off’, ó gbéra nílẹ̀ ni. Bí ẹnìkan bá ‘take off’ ẹlòmíràn, ó ń sín in jẹ ni. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ yóò ṣìnà.

Ní ti ohun tí a wọ̀ sára, ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò láti orí dé ẹsẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: a ń ṣí fìlà, a ń tú gèlè, a ń bọ́ ẹ̀wù àti bàtà, a sì ń yọ òrùka. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń ‘yọ’ gbogbo rẹ̀ pátá. Bí ẹni tí ń lọ kí ọba kò bá mọ ‘ṣí fìlà’ mọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀wọ̀ inú ọ̀rọ̀ náà yóò bá a lọ.

Èmi kò ní kí a pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Kí olùkọ́ fi èdè méjèèjì wé ara wọn ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì ti lè fi fìlà sí àárín ‘take’ àti ‘off’, bẹ́ẹ̀ ni àwa ń la ‘bàjẹ́’ sí méjì, tí a ń wí pé ‘ba iṣẹ́ jẹ́’. Ọmọ tí ó bá rí èyí yóò mọ Gẹ̀ẹ́sì dáradára, kò sì ní fojú tín-ín-rín èdè baba rẹ̀.