Ṣílè Inú Àpótí

Ìyá kan l'Ọ̀tùn-Èkìtì kọ̀wé sí wa: wọ́n bá ṣílè àtijọ́ nínú àpótí ìyá rẹ̀ tó ṣaláìsí, wọ́n sì fẹ́ kà á pín. Ìyá wa, ẹ dúró ná! Láti 1913 ni wọ́n ti ń fi fàdákà rọ ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; lẹ́yìn 1920, idẹ ni. Ní 1920 gan-an, wọ́n rọ méjèèjì. Ẹ wo ojú tí igi ọ̀pẹ wà: H ni àmì Heaton, KN ni ti King's Norton, ní Birmingham, èyí tí kò ní àmì, Lọ́ńdọ̀nù ni. Ti 1920 tó ní KN, idẹ ni. Ẹ má fi yanrìn fọ̀ ọ́. Ẹ ya fàdákà sọ́tọ̀ kí ẹ tó pín, kí idẹ nìkan má baà kan ọmọ òrukàn.