Ìwé Àṣẹ Ìtọ́jú Ọmọ Nínú Ilé: Ọ̀rọ̀ Yìí Kan Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ń bá wa tọ́jú ọmọ nínú ilé wọn nígbà tí a bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni a fẹ́ sọ lónìí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń wí pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni, pé kò kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Èrò tiwa ni pé ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí kò rí ibi gbé ọmọ sí kò lè jáde lọ síṣẹ́. Ẹni tí kò lè jáde kò ní owó oṣù tí ẹgbẹ́ yóò bá a jà fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Láti 1948 ni ìjọba ilẹ̀ yìí ti ṣòfin pé kí ẹni tí ń gba owó tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn káńsù ni iṣẹ́ náà wà kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ Ofsted ní England ní 2001. Lónìí, ẹni tí ó bá ń gba owó tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 nínú ilé ara rẹ̀, tí ó sì ju wákàtí 2 lọ lóòjọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Wọn yóò wádìí òun àti gbogbo ẹni tí ó ti ju ọmọ ọdún 16 lọ tí ń bá a gbélé. Yóò kọ́ bí a ti ń ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé. Iye ọmọ tí ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ ju 6 lọ. Nínú wọn, àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ ju 3 lọ, ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ.

Òfin yọ àwọn kan sílẹ̀. Ìyá àgbà kò nílò ìwé láti tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn òbí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Àǹtí tí òfin mọ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìgbéyàwó. Àǹtí tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àǹtí tí ìyá wa àti ìyá rẹ̀ jọ ṣọjà ní Ìbàdàn, òfin kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá wá tọ́jú ọmọ nínú ilé ọmọ náà kò sí lábẹ́ túláàsì ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìdílé tí kò ju wákàtí 3 lọ lóòjọ́ bọ́ níbẹ̀, ẹni tí ń tọ́jú ọmọ láàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago méjì òru náà sì bọ́.

Ibí yìí gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ta ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n mú aago mẹ́fà sí aago méjì? Ẹni tí ń lọ jẹun alẹ́ níta, tí ń lọ wo sinimá ni. Àwa tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ń kúrò nílé ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ìdájí, a sì ń dé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Wákàtí 5 nìyẹn. Obìnrin tí ó gba ọmọ wa lọ́wọ́ wa pẹ̀lú £10 ti di arúfin, ọmọ náà ìbáà sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ wá wo ti owó. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, òbí tí ń ṣiṣẹ́ ní England, tí owó rẹ̀ bá bá òṣùwọ̀n mu, lè gba wákàtí 30 lọ́sẹ̀ fún ìtọ́jú ọmọ láti oṣù 9, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún. Ẹni tí ó bá wà lórí Universal Credit lè gba tó 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ọmọ padà, dé ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ nìkan ni owó wọ̀nyí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ló ń fi owó àpò ara rẹ̀ san gbogbo rẹ̀. Bí alágbàtọ́ náà bá tilẹ̀ ní ìwé, òfin kò gbà kí a lo wákàtí 30 yìí ṣáájú aago mẹ́fà àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Wákàtí tí a nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ ni ìrànlọ́wọ́ ń sùn.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ta ló fún ìyá wa níwèé kí ó tó tọ́ wa?" Òótọ́ ni pé ẹnì kan ní ń bímọ, gbogbo ayé ní ń bá a tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n agbo ilé la ti tọ́ wa, níbi tí ojú ogún ti ń wo ọmọ kan. Níhìn-ín, ilẹ̀kùn fúláàtì kan ṣoṣo ló tì mọ́ ọmọ àti alágbàtọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì karùn-ún. Bí iná bá sọ, bí ọmọ bá há nǹkan lọ́fun, ta ni yóò gbọ́? Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní bèèrè pé kí a tú òfin náà ká. Ó dáàbò bo ọmọ wa. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ọ̀nà ibẹ̀ ṣeé rìn fún tálákà.

Nítorí ọ̀nà náà kò ṣeé rìn tó. Iye àwọn alágbàtọ́ tó ní ìwé ní England ju 50,000 lọ ní 2012. Ní 2024 wọn kò tó 30,000 mọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń gbé ilé káńsù tàbí ilé onílé, wọ́n sì ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó lè fi ilé náà ṣiṣẹ́. Bí onílé bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Nítorí náà, àbá wa nìyí. Èkíní: kí ẹ̀ka wa fi owó àánú ẹgbẹ́ sanwó ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì fún obìnrin tí ó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kí a sì bá a kọ fọ́ọ̀mù. Èkejì: kí aṣojú wa gbé e síwájú àwọn ilé iṣẹ́ agbálẹ̀ pé kí wọ́n sún iṣẹ́ ìdájí sí ojúmọmọ níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ̀kẹta: kí a kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n má ṣe fi ìwé ilé dí obìnrin lọ́wọ́. Ẹ̀kẹrin: kí ẹgbẹ́ wa lápapọ̀ bá ìjọba sọ ọ́ pé kí aago ìrànlọ́wọ́ bá aago iṣẹ́ wa mu.

Ẹ má wí pé kò lè ṣeé ṣe. Ní 2009, Ofsted sọ fún obìnrin ọlọ́pàá méjì tí wọ́n ń bá ara wọn tọ́jú ọmọ pé arúfin ni wọ́n. Ariwo ta, ìjọba sì tún òfin ṣe kí ọ̀rẹ́ tí kò gba owó lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ẹnu ọlọ́pàá méjì bá lè ṣe èyí, kí ni ti ẹgbẹ́ odidi kò ní ṣe?

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tàbí pé ewu wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ kíákíá. Kò sí ojú àánú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi obìnrin tí kò tíì rí ọ̀nà gba ìwé sùn nítorí ìjà àdúgbò. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Ẹ mú un wá sí ìpàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.